Omi Iyọ̀ àti Ṣúgà ní Nàìjíríà: Ìtàn Òṣùwọ̀n Rẹ̀

Omi iyọ̀ àti ṣúgà ni àpòpọ̀ tí a ń fún ọmọdé tàbí àgbàlagbà tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe, kí omi ara rẹ̀ má baà tán. Ìlànà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìyá ní Nàìjíríà kọ́ ní ilé ìtọ́jú aláboyún àti ọmọ wẹ́wẹ́ kò gùn: ṣíbí tíì iyọ̀ kan tí ó kún tẹ́jú, ṣíbí ṣúgà mẹ́wàá tàbí hóró ṣúgà márùn-ún, àti omi mímọ́ tí ó kún ìgò bíà kan tàbí ìgò ẹlẹ́rìndòdò méjì. Ìlànà náà rọrùn létí, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n mẹ́ta ni ó là kọjá kí ó tó dé ọwọ́ ìyá: mìlímóòlù àwọn onímọ̀, gíráàmù àwọn apoògùn, àti ṣíbí pẹ̀lú ìgò inú ilé. Ibi tí a ti ń yí ọ̀kan padà sí èkejì ni ewu wà.

Ìfun kì í ka gíráàmù. Ní ọdún 1960, ní ìlú Prague, Robert Crane ṣàlàyé pé sódíọ̀mù àti gúlúkóòsì máa ń jùmọ̀ gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọ inú ara láti inú ìfun. Omi a sì tẹ̀ lé wọn. Nítorí náà, iye èérún èròjà kọ̀ọ̀kan ni ó ṣe kókó, kì í ṣe bí ó ti wúwo tó. Móòlù ni òṣùwọ̀n tí a fi ń ka èérún báyìí. Gíráàmù 58.5 ni móòlù iyọ̀ kan. Ti gúlúkóòsì jẹ́ 180. Bí a bá pín gíráàmù 3.5 iyọ̀ sí ọ̀nà 58.5, tí a sì sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po 1,000, a ó rí mìlímóòlù 60. Gíráàmù 20 gúlúkóòsì, bí ó tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ìlọ́po mẹ́fà iyọ̀ yẹn, kò ju mìlímóòlù 111 lọ. Ẹni tí ó bá fi ìwúwo nìkan ṣe ìdájọ́ yóò ṣìnà.

Ní ìlú Dhaka ní ọdún 1968, David Nalin àti Richard Cash fi hàn pé mímu irú omi bẹ́ẹ̀ lè dín omi abẹ́rẹ́ tí alárùn kọ́lẹ́rà nílò kù gidigidi. Ní ọdún 1971, Dilip Mahalanabis lò ó fún àwọn tí ogun lé wọ àgọ́ ní Bongaon, ní ilẹ̀ Íńdíà: gíráàmù 22 gúlúkóòsì, 3.5 iyọ̀, àti 2.5 sódíọ̀mù báíkábónéètì nínú lítà omi kan. Ikú nínú àgọ́ náà wálẹ̀ láti nǹkan bí 30 nínú 100 sí nǹkan bí 4. Àsìkò yìí gan-an ni kọ́lẹ́rà ń wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó dé Guinea ní 1970, ó sì wọ Nàìjíríà kí ọdún náà tó parí.

Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé kalẹ̀ lẹ́yìn náà ní mìlímóòlù 90 sódíọ̀mù nínú lítà kan: 60 láti inú iyọ̀, 30 láti inú báíkábónéètì. Nígbà tí a fi sítírétì rọ́pò báíkábónéètì kí oògùn inú àpò lè pẹ́ kí ó tó bàjẹ́, iye náà lọ láti 30 sí 10. Lójú ẹni tí kò mọ ìṣírò, ó dà bí ẹni pé a gé e kù. A kò gé e: sítírétì kan ń ṣe iṣẹ́ báíkábónéètì mẹ́ta, sódíọ̀mù mẹ́ta ni ó sì ń gbé wá.

Nàìjíríà mú ọ̀rọ̀ náà ní òkúnkúndùn nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, oníṣègùn ọmọdé, jẹ́ Mínísítà Ètò Ìlera láti 1985 sí 1992. Ìlera alábọ́ọ́dé ni ó fi ṣe òpómúléró iṣẹ́ rẹ̀, irú ìlera bẹ́ẹ̀ kò sì lè dúró de àpò oògùn láti ìlú ńlá. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n gíráàmù kò sí nílé ẹnikẹ́ni. Múdù ni a fi ń ta ọkà ní Àríwá, kóńgò àti dẹ́ríkà ní Gúúsù. Orúkọ agolo tòmátì sì ni dẹ́ríkà. Orílẹ̀-èdè tí ó ń fi ohun èlò wọn nǹkan ni a fẹ́ kọ́ ní kẹ́mísírì.

Ọgbọ́n ńlá ni ó wà nínú yíyan ìgò. Ìgò bíà gba mìlílítà 600 láti ilé iṣẹ́ tí ó ti wá, bákan náà ní Sókótó àti ní Calabar. Ní ilé Mùsùlùmí tí ìgò bíà kì í wọ̀, ìgò ẹlẹ́rìndòdò méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 300 ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Kò sí abọ́ ìdáná tí ó dọ́gba tó bẹ́ẹ̀.

Ṣíbí ni kò ní ìdọ́gba. Ṣíbí mìlílítà 3 ni ìlànà náà gbára lé. Mìlílítà iyọ̀ kan wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 1.2, nítorí náà ṣíbí náà gba nǹkan bí gíráàmù 3.6, nínú mìlílítà 600, ó di mìlímóòlù 103 nínú lítà kan. Ó ga díẹ̀ ju 90 lọ, ṣùgbọ́n ó ṣì kéré sí ti ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, èyí tí ó wà láàárín 135 àti 145. Bí ìyá bá wá lo ṣíbí mìlílítà 5, tí òun náà ń jẹ́ ṣíbí tíì, iyọ̀ di gíráàmù 6, ìwọ̀n náà sì di 171. Omi yìí iyọ̀ ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Ó lè mú iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí omi ti gbẹ lára rẹ̀ ga sí i, ó sì lè fa gìrì. Láti máa di ẹ̀bi irú èyí ru àwọn ìyá kò tọ́, nítorí ṣíbí méjì ni ó ń jẹ́ orúkọ kan. Ti ṣúgà kò le tó bẹ́ẹ̀: ṣíbí kékeré mẹ́wàá àti hóró márùn-ún jọ sún mọ́ gíráàmù 25. Ìdajì èérún ṣúgà ni ó sì ń di gúlúkóòsì nínú ìfun, nítorí náà ni ó fi ní láti wúwo tó ìlọ́po méjì gúlúkóòsì inú àpò.

Ìlànà yìí kò gba gbogbo ènìyàn là. Ní ọdún 1991, kọ́lẹ́rà pa ènìyàn tí ó lé ní 7,000 ní Nàìjíríà.

Nígbà tí ó yá, ìgò pàápàá yí padà. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò di 35 sẹ̀ńtílítà, ti oníke sì di 50. Ẹni tí ó bá di ìlànà àtijọ́ mú, ṣíbí kékeré kan sí ìgò méjì, ti bọ́ láti 103 sí 88, ó sì tún bọ́ sí nǹkan bí 62, láìyí ọ̀rọ̀ kan padà nínú ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ. Ní ọdún 2002, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF náà dín ti inú àpò kù: sódíọ̀mù di 75, gúlúkóòsì di 75, àpapọ̀ gbogbo èérún inú lítà kan sì wálẹ̀ láti 311 sí 245. Ní 2004, wọ́n ní kí a máa fi síńkì kún un fún ọjọ́ 10 sí 14. Lítà kan ni àpò náà wà fún, ìyẹn omi inú ọ̀rá méjì tí a kọ 50 sẹ̀ńtílítà sí lára, bí ọ̀rá náà bá kún tó ohun tí a kọ sí i.