Ríra Gíránáìtì Ilé Ìdáná ní Ilé Ìtajà Ńlá ní Amẹ́ríkà

Gíránáìtì jẹ́ akọ òkúta. Òkúta yíyọ́ tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ló tutù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dì, tó sì le gbagidi. Irú rẹ̀ ni àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta àti àwọn òkè Ìdànrè. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ó pẹ́ tí àwọn onílé ti ń tẹ́ ẹ sórí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, nítorí pé ọ̀bẹ kì í tètè fá a lára, ìkòkò gbígbóná kì í sì í jó o bó ṣe ń jó pákó. Ẹni tó bá fẹ́ rà á lè lọ bá oníṣẹ́ òkúta tààrà, ó sì lè gba ilé ìtajà ńlá tí ń ta ohun èlò ilé lọ. Àwọn méjì tó lórúkọ jù nínú irú ilé ìtajà bẹ́ẹ̀ ni Home Depot, tí Bernie Marcus àti Arthur Blank dá sílẹ̀ ní 1978, tó sì ṣí àwọn ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Atlanta ní 1979, àti Lowe's, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú North Wilkesboro ní North Carolina ní 1921. Èrò àyọkà yìí ni pé àdéhùn ni ilé ìtajà ńlá ń tà, òkúta kàn wà lára ohun tí àdéhùn náà kó mọ́ra ni. Ẹni tó bá rò pé òkúta nìkan lòun ń rà yóò máa wo àwọ̀ àti iye owó. Ẹni tó bá mọ̀ pé àdéhùn ni yóò bèèrè ohun tó yẹ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ ló fi èyí hàn. Kò sí ayùn òkúta nínú ṣọ́ọ̀bù, ní ọ̀pọ̀ ìgbà kò sì sí odidi síláàbù, ìyẹn òkúta pẹlẹbẹ ńlá tí wọ́n là láti ara àpáta. Ohun tó wà lórí àtẹ ni àpẹẹrẹ kéékèèké tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé. Oníbàárà yóò yan èyí tó wù ú, yóò mú ìwọ̀n ilé ìdáná rẹ̀ wá, wọn yóò sì ṣírò owó fún un ní ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin. Lẹ́yìn tó bá ti sanwó ni ìwé rẹ̀ yóò tó lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ òkúta kan ládùúgbò tó ti bá ilé ìtajà náà tọwọ́ bọ̀wé. Òun ni yóò wá fi ẹ̀rọ onítànṣán wọn ilé ìdáná náà, ó sì di dandan kí wọ́n ti kan kọ́bọ́ọ̀dù mọ́lẹ̀, kó dúró déédéé, kó tó wọ̀n ọ́n, nítorí kọ́bọ́ọ̀dù tó bá yẹ̀ lẹ́yìn náà yóò ba gbogbo ìwọ̀n jẹ́. Kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ sábà máa ń jẹ́ íǹṣì 24 láti iwájú dé ẹ̀yìn, òkúta orí rẹ̀ sì máa ń tó íǹṣì 25 àti ààbọ̀, kó lè yọrí síwájú díẹ̀. Oníṣẹ́ yóò gé e nílé iṣẹ́ rẹ̀, yóò dá ihò síńkì sí i, yóò sì dán etí rẹ̀, kí wọ́n tó gbé e wá. Gbígbé e kì í ṣe eré: òkúta tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3 wúwo tó nǹkan bíi kílò 80 ní mítà onígun mẹ́rin kan. Nígbà tí wọ́n bá fi máa tẹ́ ẹ tán, ọwọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni iṣẹ́ náà ti gbà kọjá, púlọ́ńbà tí yóò so páìpù padà sì lè má sí nínú owó tí wọ́n ti gbà.

Ibi tí àdéhùn yìí ti mẹ́hẹ jù ni àpẹẹrẹ kékeré yẹn. Fún òkúta tí ara rẹ̀ rí bákan náà jálẹ̀, kò léwu. Uba Tuba tó ń wá láti Brazil jẹ́ ọ̀kan nínú irú wọn: àwọ̀ ewé tó ṣú débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, tí ẹ̀kán wúrà àti àwọ̀ ilẹ̀ wà káàkiri ara rẹ̀. Ẹni tó bá rí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí gbogbo rẹ̀. Bákan náà ni Black Galaxy tí wọ́n ń wà ní Andhra Pradesh ní Íńdíà, òkúta dúdú tó ń tàn yinrinyinrin bí ìràwọ̀. (Lójú àwọn onímọ̀ nípa òkúta, Black Galaxy kì í tilẹ̀ ṣe gíránáìtì, àwọn oníṣòwò ló ń fi orúkọ kan ṣoṣo pe ọ̀pọ̀ akọ òkúta tó ṣeé dán.) Ṣùgbọ́n àwọn òkúta mìíràn wà tí ilà funfun, pupa tàbí eérú ń wọ́ kọjá lára wọn bí odò. Ọ̀pọ̀ irú wọn ń ti ìpínlẹ̀ Espírito Santo ní Brazil wá, níbi tí ìlú Cachoeiro de Itapemirim ti gbajúmọ̀ fún iṣẹ́ òkúta. Síláàbù méjì láti ibi ìwakùúta kan náà lè má jọra, àpẹẹrẹ kékeré kò sì lè sọ bóyá ẹ̀bá síńkì tàbí inú kọ̀rọ̀ ni ilà pupa ńlá yóò bọ́ sí. Ẹni tó bá yan irú èyí gbọ́dọ̀ bèèrè láti lọ sí àgbàlá oníṣẹ́ òkúta, kó fi ojú ara rẹ̀ rí síláàbù tí wọ́n fẹ́ gé fún un, kí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé àdéhùn, kí wọ́n sì fi bí wọn yóò ṣe gé e àti ibi tí ojú ìsopọ̀ yóò wà hàn án. Ilé ìtajà tí kò bá gbà fún un, kò yẹ kó ra òkúta alílà lọ́wọ́ wọn.

Àwọn kan yóò ní kí ló dé tí èèyàn á fi san owó fún alágbàtà. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, nítorí ilé ìtajà kò ní ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ó máa ń ra àwọ̀ mélòó kan tó wọ́pọ̀ lọ́pọ̀ yanturu, èyí sì lè mú kí owó àwọn àwọ̀ náà wálẹ̀ débi tí oníṣẹ́ òkúta kékeré kò fi ní lè bá a figa gbága. Àwọ̀ tó ṣọ̀wọ́n ni owó rẹ̀ máa ń gun òkè níbẹ̀. Iye tí wọ́n kọ sára àpẹẹrẹ kò sì tíì tó láti fi ṣe ìfiwéra, àfi tí oníbàárà bá ti bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀: ṣé ihò síńkì wà níbẹ̀, ṣé etí tó rí roboto yóò gba owó lọ́tọ̀, ta ni yóò ṣí èyí àtijọ́ kúrò tí yóò sì kó o dànù, ṣé wọ́n ka òkúta ara ògiri mọ́ ọn? Èèyàn lè rí owó tó kéré lójú àtẹ, kó sì san èyí tó pọ̀ jù nídìí risíìtì.

Àtakò tó lágbára jùyẹn lọ ni pé oníṣẹ́ kan náà tí ilé ìtajà ń gbé iṣẹ́ fún ni èèyàn lè lọ bá fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, òun náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹni tí yóò dáhùn nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Ibi tí òkúta ti sábà máa ń ṣẹ́ ni iwájú síńkì, níbi tó ti ṣẹ́kù tín-ín-rín. Àwọn oníṣẹ́ kan tilẹ̀ máa ń ri ọ̀pá irin mọ́ abẹ́ ibẹ̀ kó má baà ṣẹ́ lójú ọ̀nà. Bí ilà tín-ín-rín bá wá yọ níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n tẹ́ ẹ tán, oníṣẹ́ lè sọ pé bí Ọlọ́run ṣe dá òkúta náà nìyẹn. Ó lè jẹ́ òótọ́, nítorí gíránáìtì máa ń ní ilà àdánidá. Kí èèyàn fi èékánná wọ́ ọ kọjá: ilà àdánidá kì í sábà kọ́ èékánná, ṣùgbọ́n bí apá kan bá ga ju èkejì lọ, ó ṣeé ṣe kó ti sán. Lásìkò bẹ́ẹ̀, ẹni tó ra ọjà ní ilé ìtajà ńlá ní ìwé lọ́wọ́, ó ní máníjà tó lè lọ bá, ilé ìtajà náà sì ní orúkọ tí kò fẹ́ kó bàjẹ́. Ẹni tó lọ tààrà sọ́dọ̀ oníṣẹ́ kékeré ní ìrètí pé onítọ̀hún yóò ṣì wà nídìí iṣẹ́ náà. Àléébù ọ̀nà ilé ìtajà ni pé ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ kó tó dé etí ẹni tó di ayùn mú, ilé ìtajà àti oníṣẹ́ sì lè máa di ẹ̀bi ru ara wọn. Ìdí nìyí tí gbólóhùn tó sọ ẹni tí yóò pààrọ̀ òkúta tó bá bàjẹ́ fi ṣe pàtàkì ju àwọ̀ rẹ̀ lọ nínú ìwé àdéhùn.

Káàdì àwìn ilé ìtajà náà wà lára àdéhùn yìí, òun ló sì máa ń mú àwọn tó ń kánjú. “Kò sí èlé fún oṣù 12” dùn létí. Ṣùgbọ́n nínú irú ètò tí wọ́n ti ń sún èlé síwájú, èlé ń gorí ara rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹni tó ra iṣẹ́ $4,000 bá ṣẹ́ $100 kù nígbà tí gbèdéke pé, èlé gbogbo oṣù tó ti kọjá ni wọn yóò kà lé e lórí.

Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ ìlera náà wà. Ní 2008, ariwo ta ní Amẹ́ríkà pé afẹ́fẹ́ radon tó ń jáde lára gíránáìtì lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Ilẹ̀ abẹ́ ilé ni radon ti máa ń wá jù, EPA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, kò sì rí ẹ̀rí tó tó láti sọ pé òkúta ilé ìdáná ń mú kí radon pọ̀ gan-an nínú ilé. Eruku ló yẹ kó kan èèyàn lọ́kàn. Eruku silica tó ń jáde nígbà tí wọ́n bá gé òkúta láìlo omi ń ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn òṣìṣẹ́ jẹ́, òfin tí OSHA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ààbò àwọn òṣìṣẹ́, gbé jáde ní 2016 kò sì fàyè gba ju 50 máíkrógíráàmù lọ nínú mítà onígun mẹ́ta afẹ́fẹ́. Oníbàárà tó sanwó ní ṣọ́ọ̀bù jìnnà sí eruku yìí, ṣùgbọ́n ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè bóyá oníṣẹ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ń lo omi, kó sì kọ̀ kí wọ́n gé òkúta ní gbígbẹ nínú ilé rẹ̀.

Iṣẹ́ kan wà tí ilé ìtajà ńlá kò bá mu rárá, ìyẹn iṣẹ́ kékeré bíi orí kọ́bọ́ọ̀dù balùwẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gba iṣẹ́ tí kò bá tó ìwọ̀n kan, tàbí kí wọ́n gba owó ìwọ̀n náà lọ́nàkọnà. Ní àgbàlá oníṣẹ́ òkúta, àjákù tó ṣẹ́kù lára síláàbù àwọn ẹlòmíràn máa ń wà ní ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Owó rẹ̀ kì í wọ́n, ẹni tó bá sì lọ síbẹ̀ yóò rí òkúta tí wọn yóò gé fún un gan-an.