Ipò Wo Ni Ọmọ Wa Wà Ní Yunifásítì? Ìtàn Láti Yábàá Dé Jos

Ìtàn tí a gbé wá lónìí kan gbogbo ilé tó ní ọmọ ní yunifásítì, àti ilé tó ń gbàdúrà kí ọmọ wọlé. Púpọ̀ nínú wa máa ń bi ọmọ pé, "Ọdún wo lo wà báyìí?" Á ní, "300 level." Ọkàn wa á balẹ̀. Àmọ́ ìdáhùn yẹn ò tíì sọ ìdajì ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ìbàdàn ló bí yunifásítì ìlú wa yìí. Ní oṣù kọkànlá 1971 ni Yunifásítì Ìbàdàn dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní Jos. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ wọlé ní oṣù kìíní 1972, ṣùgbọ́n wọn ò tíì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ digírì. Pre-degree ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn àwọn tó ń múra sílẹ̀ de digírì. Oṣù kẹwàá 1973 ni ẹ̀kọ́ B.A. tó bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 1975, ìjọba Murtala Muhammed sọ ẹ̀ka náà di University of Jos tó dá dúró, Ọ̀jọ̀gbọ́n Gilbert Onuaguluchi sì ni gíwá àkọ́kọ́. Nígbà tí kíláàsì bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ orúkọ tuntun ní oṣù kẹwàá 1976, akẹ́kọ̀ọ́ 575 ló wà níbẹ̀. Ṣé ẹ rí i báyìí pé ipò tó wà lábẹ́ digírì ni yunifásítì wa fi bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ipò yìí ti dá ìjà sílẹ̀ rí. Nígbà tí ìjọba òyìnbó ṣí Yaba Higher College ní 1934, ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ ló ń fúnni, kò fúnni ní digírì. Inú bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó, wọ́n sì dá Lagos Youth Movement sílẹ̀ lọ́dún náà láti ta kò ó. Nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn dé ní 1948, digírì wà, àmọ́ ti Yunifásítì London ni. Ó di 1962 kí Ìbàdàn tó di yunifásítì tó dá dúró.

Lónìí, ọ̀nà tí ọmọ gbà wọlé ló ń sọ ipò àkọ́kọ́ rẹ̀. Ẹni tó gba ìdánwò JAMB, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1978, 100 level ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní NCE, díplómà tàbí IJMB lè bá ọ̀nà Direct Entry wọ 200 level.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìtẹ̀síwájú. Láyé àtijọ́, ìdánwò òpin ọdún ló ń pinnu: bí o bá yege, o gòkè; bí o bá fìdí rẹmi, o lè tún gbogbo ọdún náà ṣe. Yunifásítì Nsukka, tó ṣílẹ̀kùn ní 1960, tẹ̀ lé ìlànà Amẹ́ríkà, níbi tí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ti ní iye unit tirẹ̀. Ìlànà yẹn ló wá tàn ká. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi lè wà ní 300 level kó sì tún máa gbé kọ́ọ̀sì 100 level sẹ́yìn, èyí tí wọ́n ń pè ní carry-over.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ rèé ní ibi tí A ti jẹ́ 5, B jẹ́ 4, tí F sì jẹ́ òdo. Bí ọmọ bá gba B nínú kọ́ọ̀sì unit 3, 12 nìyẹn. Bó bá gba F nínú kọ́ọ̀sì unit 2, òdo nìyẹn. Ẹ pín 12 sí ọ̀nà 5, ẹ máa rí 2.40. Ìyẹn ṣì wọ Second Class Lower, síbẹ̀ ó jẹ gbèsè kọ́ọ̀sì kan. Bí àpapọ̀ bá wá já wálẹ̀ ju iye tí iléèwé fi lélẹ̀, probation ló kàn. Bí kò bá gbé e sókè láàárín àkókò tí wọ́n fún un, wọ́n á ní kó máa lọ ilé. Ẹni tó parí ọdún rẹ̀ tí kọ́ọ̀sì ṣì kù ló ń wọ spill-over.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Kátákò tí ẹ fẹ́ kàwé láìti ṣọ́ọ̀bù pa, ẹ gbọ́ ìtàn tiyín náà. Wọ́n fi òfin dá yunifásítì àkàgbélé sílẹ̀ ní 1983. Ìjọba ológun Buhari tì í pa ní oṣù kẹrin 1984. Ọbásanjọ́ jí i dìde ní 2001, òun la mọ̀ sí NOUN lónìí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú òfin rẹ̀, "correspondence", dínà mọ́ àwọn tó kàwé òfin jáde níbẹ̀, wọn ò rí Law School wọ̀. Oṣù kejìlá 2018 ni Buhari yìí kan náà, tó ti di ààrẹ alágbádá, fọwọ́ sí àtúnṣe tó yọ ìdènà náà. Ẹ ò rí i pé orúkọ tí wọ́n bá pe akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣílẹ̀kùn, ó sì lè tì í.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, tí ọmọ bá dé fún ìsinmi, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bi í ní mẹ́rin: Full-time ni àbí part-time? Unit mélòó lo forúkọ sílẹ̀ fún ní sẹ́mẹ́sítà yìí? Carry-over mélòó ló wà nílẹ̀? CGPA rẹ ńkọ́? Bí ìdáhùn ò bá dùn, ẹ má lé e síta. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Ọmọ tó bá tètè sọ pé òun wà lórí probation ṣì lè gòkè. Èyí tó bẹ̀rù wa tó fi pa á mọ́ ló ń padà wálé lójijì pẹ̀lú àpótí rẹ̀.