Ọ̀sákà, Ìlú Tí Àwọn Oníṣòwò Kọ́

Ọ̀sákà wà ní ẹnu odò Yodo, ní etí òkun erékùṣù Honshu ní Jàpáánì. Ibi tó wà yìí ló sọ ọ́ di ìlú ọlọ́jà. Ọkọ̀ tó bá ti òkun dé lè gba odò náà lọ títí dé ẹ̀bá Kíótò, níbi tí ọba Jàpáánì fi ṣe ibùjókòó láti 794 títí di ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Kí Kíótò tó di olú-ìlú rárá ni Ọmọọba Shotoku ti dá tẹ́ńpìlì Shitenno-ji sílẹ̀ ní Ọ̀sákà ní 593. Iná àti ogun ti ba tẹ́ńpìlì náà jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún un kọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ lé ìlànà ti àkọ́kọ́.

Ní 1583, Toyotomi Hideyoshi, jagunjagun tí a bí sí ilé mẹ̀kúnnù tó sì di alágbára jù lọ ní Jàpáánì, bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé olódi ńlá kan síbẹ̀, ó sì kó àwọn oníṣòwò láti ìlú Sakai wá tẹ̀dó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìdílé Tokugawa dóti ìlú náà ní 1614 àti 1615, wọ́n sì pa ìran Hideyoshi run. Wọ́n bo odi rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n kọ́ tiwọn lé e lórí, èyí sì ni odi tí àlejò ń rí lónìí. Òkúta kan wà nínú ẹnubodè Sakura tí wọ́n ń pè ní Tako-ishi. Ojú rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 60, wọ́n sì ṣírò pé ó wúwo ju tọ́ọ̀nù 100 lọ. Ojú omi ni wọ́n gbà gbé e wá láti agbègbè Bizen. Ní ti ilé gogoro àárín odi náà, tí gbogbo àlejò ń ya fọ́tò rẹ̀, mànàmáná sun ún ní 1665, kò sì sí ilé gogoro níbẹ̀ fún ohun tó lé ní 260 ọdún. Kọnkéré ni wọ́n fi kọ́ ti ìsinsìnyí ní 1931, owó tí àwọn ará ìlú dá ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Ó yẹ kí ẹni tó bá gun òkè rẹ̀ rántí èyí: jagunjagun ló kọ́ ti àkọ́kọ́, ará ọjà ló kọ́ eléyìí.

Ìrẹsì ló mú ọrọ̀ wá. Lábẹ́ ìjọba Tokugawa, ìrẹsì ni àgbẹ̀ fi ń san owó-orí fún olóyè tó ni ilẹ̀. Olóyè náà sì gbọ́dọ̀ sọ ìrẹsì di owó, torí pé ó ní ìránṣẹ́ láti bọ́, òfin sì mú un ní dandan láti máa lọ gbé ní Edo, tó di Tókyò lónìí, lóòrèkóòrè. Ọ̀sákà ni wọ́n ti ń tà á. Ilé ìkẹ́rùsí àwọn olóyè tò lọ rẹrẹ létí odò, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún nígbà tí òwò náà gbóná. Abájọ tí wọ́n fi ń pe ìlú náà ní ilé ìdáná gbogbo Jàpáánì.

Ní Dojima, àdúgbò kan ní Ọ̀sákà, ni òwò yìí ti yàtọ̀ sí ti gbogbo ibòmíràn. Ìjọba fọwọ́ sí ọjà ìrẹsì ibẹ̀ ní 1730. Àwọn alágbàtà kì í gbé àpò ìrẹsì síta, ìwé ẹ̀rí ìrẹsì tó wà ní ilé ìkẹ́rùsí ni wọ́n ń tà. Wọ́n tún ń dá iye tí wọn yóò ra ìrẹsì lọ́jọ́ iwájú, bí ọjọ́ bá sì pé, ẹni tí owó ọjà ṣe é lóore á gba èrè, ẹni tó pàdánù á san án, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan hóró ìrẹsì kan. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ọrọ̀ ajé ka Dojima sí ọ̀kan nínú àwọn tó ṣáájú nínú irú òwò yìí lágbàáyé. Láti mọ ìgbà tí ọjà yóò tú, àwọn ará ọjà á tanná ran okùn kan nínú àpótí. Bí okùn náà bá ti jó tán, ọjà ti tú nìyẹn. Bí àwọn alágbàtà bá sì kọ̀ tí wọn kò lọ, àwọn olómi á gbé garawa, wọ́n á bu omi lù wọ́n títí wọn yóò fi túká. Láti orí òkè kan sí èkejì ni wọ́n ti ń fi àsíá juwọ́ iye owó ọjọ́ náà sí àwọn ìlú jíjìn.

Odò àti ipa omi pín ìlú náà yẹ́lẹyẹ̀lẹ, síbẹ̀ nínú nǹkan bí 200 afárá tó wà níbẹ̀ nígbà náà, bí méjìlá péré ni ìjọba ń tọ́jú. Owó àwọn oníṣòwò ló gbé ìyókù ró. Afárá Yodoyabashi ṣì ń jẹ́ orúkọ ìdílé Yodoya tó kọ́ ọ. Ọrọ̀ ìdílé náà pọ̀ débi pé ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo rẹ̀ ní 1705.

Ọrọ̀ yìí kò kárí. Nígbà ìyàn ní 1837, tí ìrẹsì kún àká tí ebi sì ń pa mẹ̀kúnnù, Oshio Heihachiro, ọ̀gá ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, ta ìwé rẹ̀ kó fi ran àwọn aláìní lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ló kó àwọn ènìyàn jọ láti dojú kọ àwọn ọlọ́rọ̀. Wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ṣùgbọ́n apá tó pọ̀ nínú ìlú ti jóná.

Àwọn ológun ka oníṣòwò sí ẹni ìsàlẹ̀, nítorí náà àwọn ará Ọ̀sákà ṣẹ̀dá eré tí wọn yóò ti rí ara wọn. Ní 1684, Takemoto Gidayu ṣí ilé eré ọmọlangidi ní àdúgbò Dotonbori, Chikamatsu Monzaemon sì ń kọ̀wé fún un. Eré rẹ̀ ti 1703, Sonezaki Shinju, dá lé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ lọ́dún náà: akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù kan àti obìnrin ilé afẹ́ kan tí wọ́n jọ pa ara wọn nítorí ìfẹ́. Kò sí ọba tàbí ajagun nínú rẹ̀. Ojúbọ tó wà níbi tí wọ́n kú sí ṣì wà nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Umeda, àwọn olólùfẹ́ sì ń lọ gbàdúrà níbẹ̀. Láti 1734 ni ènìyàn mẹ́ta ti ń darí ọmọlangidi kan: ọ̀kan di orí àti ọwọ́ ọ̀tún mú, èkejì di ọwọ́ òsì, ẹ̀kẹta ń darí ẹsẹ̀. Ilé eré ìjọba tí wọ́n kọ́ fún eré yìí ní 1984 kò jìnnà sí Dotonbori.

Omi ọbẹ̀ Ọ̀sákà náà jẹ́ èso òwò. Ewéko òkun tí wọ́n ń pè ní kombu ni wọ́n fi ń sè é, kombu yìí kì í sì í hù níbẹ̀. Láti erékùṣù Hokkaido ní àríwá jíjìn ni ọkọ̀ ti ń gbé e wá. Àwọn alágbẹ̀dẹ Sakai rọ ọ̀bẹ tó mú tí wọ́n fi ń fá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ọbẹ̀ tí wọ́n fi kombu sè máa ń mọ́ lójú, adùn rẹ̀ sì rọra ń wọni lára.

Nígbà tí wọ́n fòpin sí àwọn ilé ìkẹ́rùsí olóyè ní 1871, ilé iṣẹ́ òwú gba ipò ìrẹsì. Bọ́ǹbù Amẹ́ríkà jó apá púpọ̀ nínú ìlú náà ní 1945, ṣùgbọ́n iná ìdáná kò kú. Takoyaki, tó jáde ní 1935, ṣì wà ní gbogbo ìkóríta: wọ́n á da ìyẹ̀fun tí wọ́n pò sínú agbada onírin tó ní ihò roboto, wọ́n á ju ègé ẹran inú òkun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ sí i, wọ́n á sì fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó yí i kíá títí yóò fi rí roboto bí àkàrà kékeré. Ní 1958, ní Ikeda lẹ́bàá ìlú náà, Momofuku Ando ṣe àkọ́kọ́ irú oúnjẹ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Indomie ní Nàìjíríà. Lọ́dún kan náà, Shiraishi Yoshiaki ṣí ilé oúnjẹ kan ní Higashiosaka tí àwo súṣì ti ń gba orí bẹ́líìtì kọjá níwájú oníbàárà, lẹ́yìn tó rí bí ìgò bíà ṣe ń rìn ní ilé iṣẹ́ ọtí. Ní Àfihàn Àgbáyé ti 1970, tó kó àlejò tó lé ní mílíọ̀nù 64 wá sí Suita lẹ́bàá ìlú náà, wọ́n gbé bẹ́líìtì náà síbẹ̀, láti ibẹ̀ ló sì ti tàn kálẹ̀ gbogbo Jàpáánì.