Akólòlò Á Pe Baba

Àwọn àgbà ní pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rín ni mo máa ń fi òwe yìí rín. Ọdún 2012 ni mo tó mọ̀ pé ẹni tó ń dúró kí wọ́n pe òun ní baba kì í rí ẹ̀rín rín.

Oyún àkọ́kọ́ ìyàwó mi ni. Ní ilé ìwòsàn tí a ń lọ n'Íbàdàn, wọ́n kọ ọjọ́ ìbímọ sára káàdì rẹ̀: ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá. Mo fi bírò pupa yí ọjọ́ náà ká lára kàlẹ́ńdà. Mo ti di ẹrù ìyá àti ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mo sì ti bẹ onítakisí àdúgbò pé kó má pa fóònù rẹ̀ lóru. Ọjọ́ 9 dé, ó lọ. Ọjọ́ 12 kọjá, ọjọ́ 16 dé. Àwọn ará àdúgbò kò yéé béèrè pé, "Ṣé wọn ò tíì sọ̀ ni?" Bí ìyàwó mi bá yíra padà lórí ibùsùn, èmi ti nà ró.

"Ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

"Ẹ sùn jàre, ìtọ̀ ló ń gbọ̀n mí."

Màmá mi ní kí n fara balẹ̀. "Kí ló ń já ọ láyà? Ọmọ́pẹ́ lẹ fẹ́ bí."

Òótọ́ ni Màmá sọ. Orúkọ àmútọ̀runwá ni Ọmọ́pẹ́, ọmọ tó pẹ́ nínú oyún ju bó ti yẹ lọ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, pẹ̀lú Àjàyí tó dojú bolẹ̀ wáyé àti Ìgè tó mú ẹsẹ̀ ṣáájú. Àní, ìwé náà fúnra rẹ̀, Ọmọ́pẹ́ ni! Johnson parí rẹ̀ ní 1897, ó fi í ránṣẹ́ sí àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́ nílùú Òyìnbó, ó sì sọnù sọ́hùn-ún. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, tó jẹ́ dókítà, ló tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù. Ọdún 1921 ló jáde, ọdún 24 gbáko!

Mo gbé ìtàn yìí lọ bá dókítà wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má ka ọjọ́ orí káàdì sí òfin. Òyìnbó Jámánì kan, Franz Naegele, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìṣirò náà láti nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn: ọjọ́ 280 láti ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù tí obìnrin rí kẹ́yìn. Nínú ọmọ 100, bóyá ni 5 ń bọ́ sí ọjọ́ náà gan-an. Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Ni ojú rẹ̀ bá yí padà.

"Ṣùgbọ́n bó bá kọjá ọ̀sẹ̀ 42, ewu ń pọ̀ sí i. Ibi ọmọ tó ń gbé oúnjẹ àti èémí fún un lè máa rẹ̀, ọmọ sì lè kú sínú. Ọ̀gá, àwọn Ọmọ́pẹ́ tí ẹ mọ̀, àwọn tó yè ni. Àwọn tí kò yè ńkọ́? Ta ló sọ wọ́n lórúkọ?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Èmi tí mo fi ìtàn ṣe iṣẹ́, mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ìwé kò gba orúkọ ọmọ tí kò fọhùn.

Lálẹ́ ọjọ́ 19, ìyàwó mi ní ọmọ kò ta bó ṣe máa ń ta láti àárọ̀. Mo gbé etí lé ikùn rẹ̀; ọkàn tèmi nìkan ni mo ń gbọ́. A gbéra. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ọmọ ṣì wà láàyè, wọ́n sì fa omi sí i lára kó lè rọbí. Oxytocin ló wà nínú omi náà. Ara obìnrin ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n Vincent du Vigneaud ní Amẹ́ríkà rí i fọwọ́ ṣe ní 1953.

Wọn kò jẹ́ kí ọkùnrin wọlé. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń ka àwo ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́, mo gbọ́ igbe kan, kíkẹ́. Nọ́ọ̀sì yọjú: "Bàbá, ẹ kú oríire! A gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ." Obìnrin ni.

Wọ́n di ibi ọmọ sínú ọ̀rá fún mi. Ní ẹ̀yìn ilé wa, mo gbẹ́ ilẹ̀, mo sì sin ín, bí bàbá mi ti ṣe fún mi. Ọmọ́pẹ́ la ń pè é. Nígbàkígbà tí mo bá pè é, mo máa ń rántí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí pè.