Ọ̀ta, Òpè àti Ọ̀pọ́n: Ẹ̀kọ́ Tí Ìdíje Orí Tábìlì Ń Kọ́ni

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kò sí ibi tí òwe yìí ti bá ọ̀rọ̀ mu tó ìdí ọ̀pọ́n. Ẹni tí wọ́n bá nà nídìí ayò kò rí òjò tàbí oòrùn dá lẹ́bi. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi kó ọmọ ayò, ojú ara rẹ̀ ni kò sì fi rí ewu.

Ogun orí tábìlì ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1824, ọmọ ogun kan ní Prussia, Georg von Reisswitz, gbé eré kan jáde tí àwọn ọ̀gá ológun fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí ogun lórí àwòrán ilẹ̀. Ní ọdún 2012, eré tí wọ́n ń pè ní X-Wing jáde ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ òfuurufú kéékèèké ni wọ́n fi ń jagun nínú rẹ̀, oníkálukú a sì kọ́kọ́ yan ọ̀nà tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò gbà ní ìkọ̀kọ̀ kí wọ́n tó ṣí i síta. Àìmọ ohun tó wà nínú ẹnìkejì ni ó mú irú ogun bẹ́ẹ̀ le.

Ayò kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí ọ̀pọ́n ayò, kò sí àṣírí kankan. Ohun tí ọ̀ta ń rí ni òpè náà ń rí, síbẹ̀ ọ̀ta ń jẹ, òpè sì ń wò. Kí ló fà á? Ìbéèrè yìí ni ó sọ ayò di ilé ẹ̀kọ́.

Ilé méjìlá ni ó wà lórí ọ̀pọ́n, mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin ni ó ń wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 48. Ẹni tó bá ń ta a kó ọmọ inú ilé kan ní ìhà tirẹ̀, a sì máa fi í sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àwọn ilé tó tẹ̀ lé e. Bí èyí tó gbẹ̀yìn bá bọ́ sí ìhà ẹnìkejì, tí ó sì sọ ọmọ inú ilé náà di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ ẹ́ nìyẹn. Bí ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ìhà kan náà bá tún ní méjì tàbí mẹ́ta, ó tún jẹ ìyẹn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ 25 ti borí, nítorí pé ó ti kọjá ìdajì.

Òpè máa ń rò pé ilé òfìfo ni ilé ààbò, nítorí pé kò sí ohun tí wọn yóò jẹ níbẹ̀. Odù ni ó ń já èrò yìí. Odù ni ilé tí ọmọ pọ̀ sí débi pé títa rẹ̀ á yí ọ̀pọ́n po, á sì tún bẹ̀rẹ̀ ìyípo kejì, tí yóò fo ilé tó ti kúrò. Ká ní ọmọ 19 wà nínú ilé àkọ́kọ́ ọ̀ta, tí ìhà òpè sì ṣófo pátápátá. Bí ọ̀ta bá ta odù náà, ìyípo àkọ́kọ́ á fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà òpè. Ìyípo kejì á tún dé ilé mẹ́ta àkọ́kọ́ níbẹ̀, èyí tó gbẹ̀yìn á sì bọ́ sínú ẹ̀kẹta. Méjì méjì ti wà nínú ilé mẹ́ta nìyẹn, ọ̀ta sì ti jẹ ọmọ mẹ́fà nínú ilé tí òpè ti pè ní òfìfo. Odù kò ṣèṣẹ̀ dé. Ó ti ń dàgbà lójú òpè láti ìgbà pípẹ́. Ìhà tirẹ̀ nìkan ni òpè ń kà. Ẹ̀kọ́ kìíní ìdíje ni pé kí ènìyàn ka ìhà ẹnìkejì kí ó tó ka tirẹ̀.

Òfin mìíràn wà tó yẹ kí olùkọ́ tọ́ka sí. Bí ọmọ bá tán pátápátá ní ìhà ẹnìkejì, ẹni tó kàn láti ta gbọ́dọ̀ ta èyí tí yóò fún un ní ọmọ, bí ó bá ṣeé ṣe. Òfin kò gbà kí ènìyàn fi ebi pa ẹni tí ó ń bá díje. Àwọn tó gbé òfin yìí kalẹ̀ mọ̀ pé eré tí ẹnìkan kò ti ní ohun tí yóò fi ṣeré ti parí.

Àwọn Àwórì ni wọ́n tẹ àwọn ìletò àtijọ́ dó ní agbègbè tó di Ìjọba Ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. Ìlú àgbẹ̀ ni Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò nígbà náà. Àgbẹ̀ a ti oko dé, a jẹun, a sì jókòó sídìí ọ̀pọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí pé àṣà kò fẹ́ràn ayò títa lóru. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní ọdún 2006, 1,277,714 ni wọ́n kà ní Alímọ̀ṣọ́. Ìletò ti di ìgboro. Ẹni tó ń jáde ní ìdájí láti lọ síbi iṣẹ́, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sì ń dá dúró di alẹ́, kò ní ìrọ̀lẹ́ tí yóò fi ta ayò mọ́. Dráfù ni ó wá gbilẹ̀ ní ìsọ̀ àwọn mẹkáníìkì àti lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí ènìyàn ti lè ta á bí ó ti ń dúró de iṣẹ́. Ayò kò kú, ṣùgbọ́n àkókò tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé ní ayò ni ó kú.

Síbẹ̀, ọgbọ́n orí tábìlì kò tíì kúrò nílẹ̀ yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé nínú Scrabble ní Perth, ní Australia. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á, ó sì na Lewis Mackay ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 4-0 ní àṣekágbá. Ohun tó ya àwọn òǹwòran lẹ́nu ni pé àwọn ọmọ Nàìjíríà kò lé ọ̀rọ̀ gígùn ní gbogbo ìgbà. Wọ́n máa ń yan ọ̀rọ̀ kúkúrú kí lẹ́tà tó dára lè ṣẹ́ kù sí wọn lọ́wọ́, kí ààyè má sì ṣí sílẹ̀ fún ẹnìkejì. Ọgbọ́n ọ̀ta ayò náà nìyẹn: kì í ṣe gbogbo ohun tí ènìyàn lè jẹ ni ó yẹ kí ó sáré jẹ.

Ní ọdún 2018, Tunde Onakoya dá ẹgbẹ́ Chess in Slums Africa sílẹ̀ ní Èkó láti fi eré ṣẹ́ẹ̀sì kọ́ àwọn ọmọ tí ìyà ń jẹ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ó ta ṣẹ́ẹ̀sì fún 60 wákàtí ní Times Square ní New York láti fi wá owó fún ẹ̀kọ́ wọn. Ọ̀pọ́n ti di ọ̀nà tí ọmọ tí kò ní nǹkan fi ń fi hàn pé òun ní làákàyè.

Ayò pàápàá ti rìn jìnnà. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbé e kọjá òkun, wọ́n sì ń ta á ní Antigua títí di òní lábẹ́ orúkọ warri. Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal ní Amsterdam fi kọ̀ǹpútà yanjú ẹ̀yà rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní awari. Ipò ọ̀pọ́n tí wọ́n gbé yẹ̀ wò jẹ́ 889,063,398,406. Àbájáde wọn ni pé bí ẹni méjèèjì bá ta láìṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni yóò já sí.

Ìtumọ̀ èyí jinlẹ̀ fún ẹni tó bá fìdí rẹmi. Bí ọ̀mì bá ni òpin eré tí kò ní àṣìṣe, a jẹ́ pé kò sí ẹni tó pàdánù tí kò ṣe àṣìṣe kan níbìkan, ó sì ṣeé wá rí. Kì í ṣe orí burúkú, kì í sì í ṣe àjẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ Ìgándò tó bá tò ọ̀pọ́n náà padà lẹ́yìn ìdíje, tí ó sì wá ibi tí odù ti ń dàgbà tí kò kà á, ti kọ́ ohun tí yóò wúlò fún un nínú ìṣirò àti nínú ìgbésí ayé.

Nítorí náà, olùkọ́ tó bá fẹ́ dá ìdíje ayò sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò nílò owó ńlá. Ọ̀pọ́n kan, ọmọ ayò 48 àti ìwé tí wọn yóò máa kọ ilé tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ta sí ti tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó fún ẹni tó borí ní ẹ̀bùn, kí ó sì fún ẹni tó pàdánù ní ìwé náà. Ẹ̀bùn á tán, ṣùgbọ́n ẹni tó gba ìwé ni yóò lè wo ẹ̀yìn bí àgbà.