Ọ̀RẸ́ LÓ PA KÉSÁRÌ: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìdìtẹ̀, Ìṣòtítọ́ àti Ọ̀dàlẹ̀ ní Róòmù Àtijọ́

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ ọ̀rọ̀ lórí ìtàn, mo mọ̀ pé ìtàn Ọ̀yọ́ tàbí ti Ìbàdàn ni wọ́n ń retí. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà tí kò kúrò lọ́kàn mi láti ilé ẹ̀kọ́ girama, nígbà tí olùkọ́ wa fún wa ní ìwé eré Julius Caesar tí William Shakespeare kọ ní ọdún 1599, tí ó sì ní kí a kọ́ apá kan rẹ̀ sórí. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣe Brutus. Mo ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ayékòótọ́, n kò mọ̀ pé èmi náà yóò dúró níbi tí ó dúró sí lọ́jọ́ kan. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn náà, kí n tó sọ ohun tí ó bá mi nínú rẹ̀.

TA NI CAESAR?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì ti bá orúkọ Késárì pàdé nínú rẹ̀. Orúkọ ọkùnrin yìí ni àwọn tí ó ṣe olórí Róòmù lẹ́yìn rẹ̀ sọ di orúkọ oyè. Ọdún 100 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n bí i. Nígbà náà, Róòmù kò ní ọba. Ìtàn wọn sọ pé ní ọdún 509 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n lé Tarquin, ọba tí ó jẹ kẹ́yìn, kúrò nílùú, wọ́n sì búra pé ẹnikẹ́ni kò ní jọba lórí àwọn mọ́. Ẹni tí ó ṣáájú nínú lílé ọba náà ni Lucius Junius Brutus. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn. Láti ìgbà náà, olóyè méjì tí wọ́n ń yàn lọ́dọọdún ni ó ń ṣáájú ìlú, pẹ̀lú ìgbìmọ̀ àwọn àgbà tí à ń pè ní Sẹ́nétì.

Jagunjagun ni Caesar. Láàrin ọdún 58 sí 50, ó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gaul, èyí tí púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ Faransé lónìí. Nígbà tí Sẹ́nétì ní kí ó tú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ká, ó kọ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 49, ó kó wọn kọjá odò Rubicon wọ ilẹ̀ Ítálì, ogun abẹ́lé sì bẹ́ láàrin òun àti Pompey, ẹni tí ó ti fẹ́ ọmọ rẹ̀ rí. Ó ṣẹ́gun Pompey ní Pharsalus, ní ilẹ̀ Gíríìkì, ní ọdún 48. Nígbà tí ó fi máa di oṣù Kejì ọdún 44, wọ́n ti fi Caesar jẹ apàṣẹwàá títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ní oṣù yẹn kan náà, níbi ọdún Lupercalia, Mark Antony gbé adé fún un ní gbangba. Ó kọ̀ ọ́, àwọn èrò sì hó yè. Ṣùgbọ́n àwọn kan sọ nínú ara wọn pé adé tí a kọ̀ lónìí, a lè gbà á lọ́la.

ÀWỌN TÍ Ó DÌTẸ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Àwọn tí ó di rìkíṣí mọ́ Caesar lé ní 60, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì ti jẹ oore rẹ̀. Cassius àti Brutus ti bá a jà lẹ́yìn Pompey, ó ṣẹ́gun wọn, kò pa wọ́n, ó tún fi wọ́n ṣe adájọ́ àgbà ní Róòmù. Plutarch, òpìtàn ará Gíríìkì, sọ pé kí ogun Pharsalus tó bẹ̀rẹ̀, Caesar ti pàṣẹ fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ pa Brutus. Ọ̀rẹ́ ni Caesar àti Servilia, ìyá Brutus, ọ̀rẹ́ tí gbogbo ìlú mọ̀ sí.

Ẹnì kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà rántí, Decimus Brutus. Ó bá Caesar jagun ní Gaul, Caesar sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún rẹ̀, pé bí àwọn àrólé àkọ́kọ́ kò bá sí, kí ó jogún òun. Òun gan-an ni ó lọ mú Caesar nílé lọ́jọ́ ikú rẹ̀.

Ohun tí ó ń bí Cassius nínú yàtọ̀ sí ohun tí ó ń da Brutus láàmú. Nínú eré náà, ìlara pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ Cassius. Ó ń rojọ́ pé òun àti Caesar jọ jẹ́ ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni, kí ló dé tí ẹnì kan yóò fi dà bí òrìṣà? Ṣùgbọ́n Brutus kò ní ìjà kankan pẹ̀lú Caesar fún ara rẹ̀. Orúkọ baba ńlá rẹ̀ tí ó lé ọba ni ó wúwo lọ́rùn rẹ̀. Cassius mọ èyí, ó sì lò ó. Plutarch ní àwọn ará ìlú ni ó ń kọ ìwé sílẹ̀ fún Brutus pé kí ó jí. Shakespeare yí i padà, ó ní Cassius ni ó kọ díẹ̀ nínú àwọn ìwé náà fúnra rẹ̀, tí ó sì ní kí wọ́n jù wọ́n sí ojú fèrèsé Brutus, kí ó lè dà bíi pé ìlú ni ó ń ké sí i. Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ẹnì kan ṣe ohùn ìlú?

Ohun mìíràn tí ó yà mí lẹ́nu ni pé wọn kò mulẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ búra, nínú eré náà, Brutus ní rárá, pé ẹni tí ọ̀rọ̀ ìlú kò bá tó láti so pọ̀, ìbúra kò lè so ó. Òpìtàn náà jẹ́rìí sí i pé wọn kò búra, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó tú àṣírí. Wọ́n ṣòótọ́ sí ara wọn nínú ìwà ọ̀dàlẹ̀ sí ẹlòmíràn.

ỌJỌ́ 15 OṢÙ KẸTA, ỌDÚN 44

Àwọn àgbà ní ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Awo kan tí ń jẹ́ Spurinna ti kìlọ̀ fún Caesar. Calpurnia, ìyàwó rẹ̀, lá àlá burúkú, ó sì bẹ̀ ẹ́ kí ó má jáde. Caesar ti gbà láti jókòó sílé, kí Decimus tó dé tí ó sì yí i lọ́kàn padà. Ní ọ̀nà, olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Artemidorus fi ìwé tí ó tú àṣírí náà lé e lọ́wọ́. Kò rí àyè kà á.

Gbọ̀ngàn tí Pompey kọ́ ni Sẹ́nétì ti pàdé lọ́jọ́ náà. Trebonius fi ọ̀rọ̀ dá Antony dúró lẹ́nu ọ̀nà. Tillius Cimber kúnlẹ̀ bíi pé ó ń bẹ̀bẹ̀ fún arákùnrin rẹ̀, ó sì fa aṣọ Caesar kúrò léjìká. Casca ni ó kọ́kọ́ gún un. Ojú ọgbẹ́ 23 ni wọ́n kà lára rẹ̀, oníṣègùn tí ó yẹ òkú náà wò sì ní ọ̀kan ṣoṣo, èyí tí ó wà láyà, ni ó lè pa á. Ẹsẹ̀ ère Pompey ni ó ṣubú sí.

Gbogbo ayé mọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí Shakespeare fi sí i lẹ́nu ní èdè Látìnì nígbà tí ó rí Brutus láàrin wọn. Suetonius òpìtàn ní Caesar kò sọ nǹkan kan, ó kàn kérora ni. Ó ní àwọn kan ni ó sọ pé ó pe Brutus ní ọmọ. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

OHUN TÍ Ó TẸ̀LÉ E

Cassius ti ní kí wọ́n pa Antony pọ̀ mọ́ Caesar. Brutus kọ̀. Ó tún gbà kí Antony sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú. Antony ka ìwé ogún Caesar, ó ṣí aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ náà han èrò, ìlú sì dàrú. Wọ́n pa Cinna akéwì, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, nítorí pé orúkọ rẹ̀ jọ ti ọ̀kan nínú àwọn ọ̀tá Caesar.

Ṣé olóòótọ́ wá ni Antony bí? Ó sunkún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú eré náà kan náà, kò pẹ́ tí òun, Octavian àti Lepidus fi jókòó, tí wọ́n ń fàmì sí orúkọ àwọn tí yóò kú, tí Antony sì ń wá bí wọn yóò ṣe dín owó tí Caesar fi sílẹ̀ fún ará ìlú kù. Nínú ìtàn gidi, Cicero, àgbà agbẹjọ́rò tí kò sí nínú ìdìtẹ̀ náà, wà lára àwọn tí wọ́n pa, ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 43.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 42, ogun parí gbogbo rẹ̀ ní Philippi. Cassius rò pé wọ́n ti ṣẹ́gun Brutus, kò sì rí bẹ́ẹ̀, ó ní kí ẹrú rẹ̀ tí ó ti sọ di òmìnira pa òun. Brutus pa ara rẹ̀ lẹ́yìn náà. Decimus ti kú ní ọdún tí ó ṣáájú. Ìjọba aláìlọ́ba tí wọ́n torí rẹ̀ pànìyàn kò sì padà wá mọ́: ní ọdún 27, wọ́n sọ Octavian di Augustus, òun nìkan ni ó sì ń pàṣẹ.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ìtàn yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Julius Nyerere ti Tanzania tú eré náà sí èdè Swahili ní ọdún 1963. Nelson Mandela fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ Caesar kan nínú rẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n Robben Island ní ọdún 1977. Èmi náà ní tèmi.

Ní ibi iṣẹ́ ìjọba, ọ̀gá kan wà tí ó fi mí sípò, tí ó sì fọwọ́ sí ìwé tí mo fi lọ kàwé sí i. Nígbà tó yá, kò gba ìmọ̀ràn mọ́. Ó ń gbé ẹni tí ó wù ú ga, ó ń fi fáìlì àwọn ẹlòmíràn pamọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mẹ́rin gbé ìwé ẹ̀sùn wá sílé mi. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ sún mọ́ wọn jù. Bí orúkọ yín bá wà níbẹ̀, wọn ò ní sọ pé ìlara ni." Òótọ́ ni ohun tí ó wà nínú ìwé náà. Mo fọwọ́ sí i.

Wọ́n fẹ̀yìn ọ̀gá náà tì kí àsìkò rẹ̀ tó pé. Ní ọjọ́ tí ó ń kó ẹrù rẹ̀, ó bọ gbogbo wa lọ́wọ́. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó pe orúkọ mi, ó béèrè àwọn ọmọ mi, ó sì kọjá. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Méjì nínú àwọn mẹ́rin náà bá ara wọn du àga rẹ̀, ẹni tí ó sì dé ibẹ̀ ṣe ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀gá mi ti di olóògbé. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí.

Mo ti rò ó títí. N kò lè sọ pé kí a fi alágbára sílẹ̀ kí ó máa ṣe bí ó ti wù ú nítorí pé ó ṣe wá lóore. Ìlú ju ẹnì kan lọ. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé n kò wọ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí n ti ìlẹ̀kùn, kí n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ ń ṣe yìí kò dára." Nínú eré náà, Brutus pẹ̀lú kò sọ ọ́ fún Caesar lójú. Lálẹ́ ni ó bá ara rẹ̀ rò ó, lálẹ́ ni àwọn yòókù wá bá a, ọ̀bẹ ni ó sì fi sọ ọ́. Kò sì tún ronú ohun tí yóò tẹ̀lé e. Cicero pàápàá ráhùn sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú lẹ́tà pé àwọn èèyàn náà kò ní ètò fún ọjọ́ kejì.

Ẹ̀yin ẹbí mi, àwa tí a wà lájò, ara wa ni a ní. A máa ń yan olóyè nínú ẹgbẹ́ yìí, inú a sì máa bí wa sí wọn nígbà mìíràn. Ẹ jẹ́ kí a máa sọ ọ́ ní ìpàdé, lójú ọ̀sán, níwájú ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ẹ̀yin tí a yàn, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn yín ṣí sílẹ̀, kí ẹ má ṣe dà bí ẹni tí a fi ìwé lé lọ́wọ́ tí kò kà á. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé ìwé wá kàn yín lóru, ẹ bi ara yín léèrè bóyá ẹ ti kan ilẹ̀kùn ẹni náà ní ọ̀sán.

Ire o. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú, àjò kò ní dùn kí onílé má rántí ilé.