Afẹ́fẹ́ Ọ̀nà Jíjìn Ló Ń Fa Omi Bering

Ọ̀nà omi tóóró tó la àárín Àláskà àti Rọ́ṣíà kọjá, èyí tí wọ́n ń pè ní Bering, fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 85, kò sì jìn ju nǹkan bíi mítà 50 lọ. Kò sí ẹnu ọ̀nà mìíràn tí omi Òkun Pàsífíìkì lè gbà wọ Òkun Akitíìkì. Láti àríwá ni afẹ́fẹ́ ti sábà máa ń fẹ́ wá síbẹ̀, àmọ́ àríwá náà ni omi ń forí lé. Ó ń ṣàn kojú afẹ́fẹ́, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan kúbíìkì mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Kí ló ń tì í?

Ìdáhùn tó ti pẹ́ nílẹ̀ ni pé omi Pàsífíìkì kò níyọ̀ tó ti Akitíìkì, ó fúyẹ́, ó sì fi nǹkan bí ìdajì mítà ga jù ú lọ. Anders Stigebrandt fi ìṣirò gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ ní 1984, n kò sì bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n òkè tí kì í yẹ̀ kò lè ṣàlàyé omi tí kì í dúró lójú kan. Omi Bering máa ń dẹwọ́, ó máa ń yára, ìgbà mìíràn sì wà tó máa ń ṣẹ́rí padà sí gúúsù fún ọjọ́ mélòó kan. Láàárín 2001 sí 2011, ó fi nǹkan bí ìdajì lé sí i. Ohun tí mo ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ ló wà nídìí ìyípadà yìí, pé nígbà ooru, èyí tó lágbára jù nínú afẹ́fẹ́ náà kì í fẹ́ ní Bering rárá, àti pé ìgbì etíkun ló ń bá a jíṣẹ́ débẹ̀.

Iṣẹ́ àṣelàágùn ló bí ẹ̀rí tí a ní. Láti 1990 ni wọ́n ti ń so ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ nísàlẹ̀ omi náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Rebecca Woodgate ti Yunifásítì Washington ti fi ń darí iṣẹ́ náà. Ìdákọ̀ró wúwo di okùn mú nísàlẹ̀, bọ́ọ̀lù tó ń léfòó fà á ró lókè, ẹ̀rọ tó ń wọn ìyára omi wà láàárín. Wọn kì í jẹ́ kó sún mọ́ ojú omi, kí yìnyín ńlá má baà gbá a lọ nígbà òtútù. Tí ìgbà ooru bá dé, ọkọ̀ ojú omi á padà wá, wọ́n á fi ìró ránṣẹ́ sísàlẹ̀, ìkọ́ tó so okùn mọ́ ìdákọ̀ró á tú, gbogbo rẹ̀ á sì léfòó, àwọn ẹran omi oníkarawun kéékèèké á ti lẹ̀ mọ́ ọn káàkiri. Inú ohun tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ yìí ni ìròyìn odindi ọdún kan wà.

Báwo ni afẹ́fẹ́ ọ̀nà jíjìn ṣe lè fa omi? Nígbà tí yìnyín gbé ọkọ̀ Fram kiri Akitíìkì láàárín 1893 sí 1896, Fridtjof Nansen tó wà nínú rẹ̀ ṣàkíyèsí pé yìnyín kì í tọ afẹ́fẹ́ lẹ́yìn gan-an. Ó máa ń yà sọ́tùn-ún. Ní 1905, Vagn Walfrid Ekman ṣàlàyé ìdí rẹ̀: yíyí tí ayé ń yí ló ń darí omi sápá ọ̀tún afẹ́fẹ́ ní ìlàjì ayé ti àríwá. Ẹ jẹ́ ká gbé èyí lọ sí Òkun Ìlà-Oòrùn Siberia, tó wà ní àríwá Rọ́ṣíà. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ lọ sí ìwọ̀-oòrùn létíkun ibẹ̀, àríwá ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Omi á kúrò létí ilẹ̀, á wọ agbami lọ, ojú òkun á sì relẹ̀. Bering ni omi tó máa dí àlàfo náà ti ń wá. A fa gbùùrù, gbùùrù fa igbó.

Ìgbì ni gbùùrù náà. Kì í ṣe ìgbì tó ń fọ́ sórí iyanrìn ni mo ń wí. Èyí gùn tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà, ó sì lè má ga ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kò ní mọ̀ pé ó kọjá. Ó máa ń fara ti ilẹ̀, ilẹ̀ a sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ ní àríwá ayé. Nítorí náà, èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ ní Siberia yóò gba etíkun lọ sí ìlà-oòrùn, síhà Bering. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ ní gúúsù yóò fara ti Àláskà gòkè lọ sí àríwá. Nínú omi tó jìn ní mítà 50, èyí tó yára jù nínú wọn lè sá tó kìlómítà 80 ní wákàtí kan, bí ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Èkó sí Ìbàdàn. Etíkun tiwa náà mọ ẹbí rẹ̀: ní 1978, Dennis Moore àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dábàá pé afẹ́fẹ́ ìwọ̀-oòrùn Àtìláńtíìkì ló ń rán ìgbì wá sí Áfíríkà, tí ìgbì náà á wá gba etíkun lọ, tí omi Ghana á fi tutù láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án. Èkó àti Kútọnu wà lójú ọ̀nà rẹ̀.

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù jáde ní 2017. Cecilia Peralta-Ferriz àti Woodgate lo GRACE, sátẹ́láìtì méjì tó ń tẹ̀ lé ara wọn yí ayé ká nígbà náà, tí òòfà ayé fi sọ fún wọn bí omi ṣe wúwo tó. Nígbà ooru, bí omi Òkun Ìlà-Oòrùn Siberia bá ti dín kù ni ti Bering ń yára. Nígbà òtútù, apá gúúsù náà lọ́wọ́ sí i.

Afẹ́fẹ́ orí Bering fúnra rẹ̀ ńkọ́? Òun ló sábà ń dá omi padà, kò ṣeé fojú fò. Ṣùgbọ́n nígbà tí Woodgate àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín ìlékún ọdún 2001 sí 2011, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló kan afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Ìdá méjì tó kù jẹ́ ti ìfà ọ̀nà jíjìn. Omi Bering ń gbé ooru wọ Òkun Chukchi tó wà ní àríwá rẹ̀, ó sì ń yọ́ yìnyín ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ooru tó ń bọ̀, bí ojú òkun ṣe ga tó létí Siberia ni kó kọ́kọ́ wò, torí ó di ìgbà ooru mìíràn kí ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ Bering tó jáde.